Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ká fi kọ́ ọmọ Pírámárì 2. Ẹ̀yin olùkọ́ Òṣogbo, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

TíṣàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Olùkọ́ Pírámárì 2 ni mí ní iléèwé ìjọba kan nínú Òṣogbo. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ iléèwé pamọ́. Ní ìpàdé tí àwa olùkọ́ ṣe nígbà tí táàmù bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wa ní òun ò fẹ́ gbọ́ Yorùbá ní kíláàsì kankan mọ́, àfi nígbà ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ó ní mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti fagi lé e. Òótọ́ sì ni, gbogbo wa la gbọ́ ọ: ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Dókítà Túnjí Aláúsá kéde l'Ábújá pé ìlànà ọdún 2022, èyí tó ní ká fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé Pírámárì 6, ti di ohun àtijọ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni láti jélé-ó-sinmi dé yunifásítì.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi. Ìṣirò là ń ṣe. Mo kọ 24 ÷ 6 sí bọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ wọn fa ìlà kéékèèké sínú ìwé, wọ́n pín in, wọ́n rí 4. Ó dára. Mo wá ka ìbéèrè inú ìwé fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ìyá kan ní bisikíìtì 24, ó fẹ́ pín in dọ́gba fún ọmọ 6. Mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn. "Yes ma!" Gbogbo ilé mì tìtì. Nígbà tí mo ń yí kiri láti wo ìwé wọn, 30 ni mo ń rí. 30, 30, 30. Wọ́n ti rí nọ́ńbà méjì, wọ́n sì rò ó pọ̀. Mo yọjú wo kọ́ridọ̀ bóyá ọ̀gá ń bọ̀, mo wá sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí èèyàn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, ló kọ́kọ́ pariwo: "Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n máa gbà, mà!"

Ṣé ẹ̀yin náà ń tẹ̀ lé òfin yìí? Ṣé ìwádìí gidi kan wà tí mo lè gbé síwájú ọ̀gá láì jẹ́ pé mo ń bá a fa wàhálà? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ "àṣà wa ń kú lọ" kọ́ ni mo wá gbọ́ o. Ìyẹn ti sú mi. Ohun tí ọmọ á fi mọ̀wé ni mò ń wá.

Ọ̀gáFẹ̀yìntì

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ìwádìí tí ẹ ń wá kò jìnnà sílé. Modákẹ́kẹ́ níbí ni wọ́n ti ṣe é.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló gbówó kalẹ̀. Wọ́n ya àwọn ọmọ kan sọ́tọ̀, wọ́n ní Yorùbá ni àwọn yóò fi kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, láti Pírámárì 1 títí wọn yóò fi jáde. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó dá dúró bí ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn ń ṣe é bí gbogbo iléèwé ìgbà náà ṣe ń ṣe é: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí Gẹ̀ẹ́sì gbà á. Nígbà tí wọ́n dé òpin, àwọn tó fi Yorùbá ṣe é dé Pírámárì 6 ló ta àwọn yòókù yọ. Kì í ṣe nínú ìṣirò nìkan. Wọ́n ta wọ́n yọ nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ibẹ̀ ni ẹnu máa ń ya àwọn èèyàn.

Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó wà níbẹ̀ dé 1992. Ẹni tó ṣe ìwádìí náà fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò rìn jìnnà. Nítorí náà ẹ má rò pé torí pé ìjọba ò mọ̀ ni.

BàbáAyọ̀_ÒkèFìà

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin tíṣà, èmi ò ní tan ara mi jẹ. Ọmọ tí kò bá ní credit nínú Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì wo ló máa gbà á? Èdè wo ni wọ́n fi ń ṣe JAMB? Èdè wo ni wọ́n fi ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ ní báńkì? Iléèwé aládàáni ni mo fi ọmọ mi sí lÓkè-Fìà yìí, owó ń já mi lójú, torí Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ni.

Àwọn tó máa ń pariwo pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ọmọ tiwọn wà. Ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ wọn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

ÌyáÌbejì_ÒtàẸ̀fun

Bàbá Ayọ̀, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ayọ̀ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu yín, ó ń gbọ́ ọ nínú tẹlifíṣọ̀n, tó bá dé iléèwé, ó kàn ń bá a lọ ni. Ọmọ èmi tí mò ń ta ẹ̀fọ́ l'Ọjà Ọba, ibo ló ti fẹ́ gbọ́ ọ kó tó dọ́dọ̀ tíṣà? Wọ́n kàn máa jù ú sínú odò ni kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ìwẹ̀.

BàbáAyọ̀_ÒkèFìà

@ÌyáÌbejì mo gbọ́ yín, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an, ẹ bá mi sòótọ́: tí owó bá wọlé lónìí, ṣé ẹ ò ní gbé àwọn ìbejì lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì?

ÌyáÌbejì_ÒtàẸ̀fun

Kíá ni màá gbé wọn lọ 😂. Ìyẹn ò ní kí ohun tí mo sọ má jẹ́ òótọ́.

ỌmọÌgbóná

Dókítà kíndìnrín ni mínísítà náà o. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló fi máa ń bá kíndìnrín sọ̀rọ̀ ni?

Alábòójútó

ỌmọÌgbóná, ẹ fi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń ṣe sílẹ̀. Ẹ bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ.

Olùkọ́ni_Yunifásítì

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè sùn. Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ.

Ìkíní, ẹ jẹ́ ká fi ọdún ṣe ìṣirò. Àlàyé tí mínísítà ṣe ni pé agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí ní àlòjù ni ìjákulẹ̀ ti pọ̀ jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ó dáa. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025, tí kò tún kíláàsì kankan ṣe, ó wọ Pírámárì 1 ní nǹkan bí 2013. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, SS1 ni ọmọ yẹn wà. Báwo ni ìlànà tó wà fún Pírámárì ṣe wá bá a lẹ́yìn tó ti kúrò ní Pírámárì? Àti pé Adamu Adamu tó jẹ́ mínísítà nígbà náà sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé kò lè bẹ̀rẹ̀ ní kíkún àfi tí ìjọba bá ti pèsè ìwé ìkọ́ni, tí wọ́n sì ti gba olùkọ́ tó tó. Ta ló rí ìwé yẹn? Ẹ ní kí tíṣà tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì rẹ̀, bóyá ìwé ìṣirò kan wà níbẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ìkejì kò ní dùn mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn Yorùbá nínú. Ọ̀gáFẹ̀yìntì sọ ìwádìí Ifẹ̀ bó ṣe rí, ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní Yorùbá, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ló jókòó tí wọ́n kọ wọ́n. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò. Nítorí náà, ohun tí wọ́n dán wò kì í ṣe Yorùbá lásán. Yorùbá pẹ̀lú ìwé ni, pẹ̀lú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gidi, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́rin yẹn, kó má sọ pé òun ń tẹ̀ lé Fáfúnwá.

BàbáAyọ̀_ÒkèFìà

Prof, ẹ ti fọgbọ́n fo nǹkan kan, sà. Láti 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ Pírámárì. Kì í ṣe 2022 ló bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ọmọ tó wọlé ní 2013 ti jẹ nínú rẹ̀.

Olùkọ́ni_Yunifásítì

@BàbáAyọ̀ ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò sì ní sá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú ìwé láti 1977. Ṣùgbọ́n láti sọ pé òun ló fa ìjákulẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti lọ kiri iléèwé kó wo ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé e àti ibi tí wọn ò ti tẹ̀ lé e, kó wá fi èsì wọn wéra, kó sì yọ òṣì, ogun àti àìsí olùkọ́ kúrò nínú rẹ̀. Agbègbè tí ọmọ ti ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi kò lè bá ti Èkó dọ́gba, èdè yòówù kí wọ́n lò.

Àti pé ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà WAEC. Ní 2025 yẹn kan náà, wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní credit márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Kò pẹ́, wọ́n tún un gbé jáde, ó di 62.96. Wọ́n ti fi ìdáhùn tí kì í ṣe ti ìbéèrè tí ọmọ gbà máàkì apá objective nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti kọ àròkọ "ìdí tí ọmọ wa fi ń jákulẹ̀" láàárín ọjọ́ yẹn, kó lọ fà á ya.

ÀńtíNọ́sìrì

Mo ti ṣiṣẹ́ ní iléèwé aládàáni kan rí, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní pátákó kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn, títí yóò fi gbọ́ ẹlòmíì kó gbé e kọ́ ìyẹn. Owó ìtanràn tún wà. Wọ́n wá yan ọmọ Pírámárì 4 kan kó máa kọ orúkọ àwọn tó bá sọ "vernacular" nígbà ìsinmi. Ẹ ò mọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe? Ó sọ ọ́ di òwò. Tí o bá fún un ní bisikíìtì, á pa orúkọ ẹ rẹ́. Tí o bá fún un ní Gala, orúkọ ẹ ò ní dé bẹ̀ rárá fún odindi ọ̀sẹ̀. Ìyá ọmọ kan ló fẹjọ́ sùn pé oúnjẹ ọmọ òun kì í délẹ̀.

Àwọn tí ò ní bisikíìtì kàn dákẹ́ ni. Tí ẹ bá wọ pápá nígbà ìsinmi, ẹ óò rí ọmọ tó ń fọwọ́ júwe nǹkan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí odi. Ọ̀gá iléèwé ní ìbáwí ń ṣiṣẹ́, pé ariwo ti dín kù.

ỌmọÌgbóná

Ọmọ Pírámárì 4 yẹn á jẹ gómìnà o.

Ará_Sábó

Assalamu alaikum gbogbo ilé. Mo ní nǹkan kan láti bi yín. Ọmọ Hausa ni mí, Sábó Òṣogbo yìí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Nínú kíláàsì ọmọ mi, ẹ máa rí Hausa, ẹ máa rí Ìgbò, ẹ máa rí Ebira, àwọn Yorùbá ló sì pọ̀ jù. Tí ẹ bá ní "èdè abínibí", ti ta ni? Ọmọ mi ń gbọ́ Hausa lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀, àmọ́ Yorùbá ló fi ń jà, òun náà ló fi ń ṣeré bọ́ọ̀lù.

Olùkọ́ni_Yunifásítì

@Ará_Sábó, wa alaikum salam, sà. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ kò dá èdè ìyá nìkan mọ̀, ó tún sọ pé èdè àdúgbò tí ọmọ ń gbé. Ní Òṣogbo, Yorùbá nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọmọ Sábó, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fúnra yín. Ní Abuja tàbí Warri, ọ̀rọ̀ náà le ju báyìí lọ, èmi ò sì rí ẹni tó ní ìdáhùn kan tó máa bá gbogbo ibẹ̀ mu.

TíṣàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, Prof. Ìwé ìṣirò Yorùbá kankan ò sí níbẹ̀. Kódà ti Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wo ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é gan-an, bóyá ẹ óò bá mi tún un ṣe. Nọ́ńbà, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kà á. Tí mo bá ní kí ọmọ fi Yorùbá ka 47, á ní láti mọ mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìyẹn 50 kó yọ 3 kúrò, nígbà tó jẹ́ pé 4 àti 7 ló wà níwájú rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù. Àgbà pàápàá, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá ka 78 kíákíá, ẹ óò rí i. Nítorí náà a fi Gẹ̀ẹ́sì pe nọ́ńbà, a fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ìbéèrè ń wí, a tún padà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdáhùn. Ọ̀gá ní àdàlù ni.

Olùkọ́ni_Yunifásítì

Àdàlù tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ káàkiri ayé ń ṣe ni, mà. Ní Wales, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Welsh àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ìkọ́ni tó lórúkọ láàárín àwọn ọdún 1980 àti àwọn ọdún 1990: ọmọ á gbọ́ ọ ní èdè kan, á sì sọ ọ́ tàbí kọ ọ́ ní èkejì. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àdàlù ni pé olùkọ́ ti pinnu ṣáájú ibi tí òun máa lo èyí àti ibi tí òun máa lo ìyẹn. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yẹn, ẹ ti pinnu rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú nóòtù ẹ̀kọ́ yín bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gáFẹ̀yìntì

Nóòtù ẹ̀kọ́! Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo wà lórí iṣẹ́, nóòtù ni àwọn ìnspẹ́kítọ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n á wo ìlà rẹ̀, wọ́n á wo bóyá "objectives" wà níbẹ̀, wọ́n á fi bírò pupa sàmì sí i, wọ́n á mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí èyí tó máa ní kí ọmọ kan dìde kàwé fún òun.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀ṣun ẹ mọ̀ pé a ti rí i rí. Ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín iléèwé sí elementary, middle àti high school, ó kó àwọn iléèwé pọ̀, ó ṣe aṣọ iléèwé kan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀, ó fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ sí, ní 2013. Ìjọba Oyètọ́lá dé, ó dá a padà sí 6-3-3-4, ìyẹn ọdún mẹ́fà ní Pírámárì, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SS, mẹ́rin ní yunifásítì. N kò ní sọ èyí tó dára jù nínú wọn torí ẹ ó bá mi jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tíṣà tó wà ní kíláàsì ń yí pátákó orúkọ iléèwé padà, ó ń yí rẹ́jísítà padà, ọmọ tí kò mọ̀wé kà sì ń bá a lọ láti ìjọba kan bọ́ sí òmíràn.

Ọmọ_TP

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Mo wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn ní yunifásítì, TP, ìyẹn iṣẹ́ olùkọ́ tí a fi ń kọ́ṣẹ́, ni mò ń ṣe lọ́wọ́ ní apá Òkè-Baálẹ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe project mi. Sùpáfáísọ̀ mi ní kí n ṣe ìwé ìbéèrè fún àwọn olùkọ́, kí wọ́n fàmì sí "mo gbà gan-an", "mo gbà", "n kò gbà", "n kò gbà rárá", pé ṣé èdè abínibí ń ran ọmọ lọ́wọ́. Prof, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, sà?

Olùkọ́ni_Yunifásítì

Ọmọ mi, má bá sùpáfáísọ̀ rẹ jà nítorí tèmi, òun ló máa fún ẹ ní máàkì. Ṣùgbọ́n ronú sí i. Tí o bá bi olùkọ́ ní ìbéèrè yẹn, ohun tí o máa mọ̀ ni ohun tí olùkọ́ rò, tàbí ohun tó rò pé o fẹ́ gbọ́. Àjà ilé ìkàwé wa kún fún irú project bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló parí sí "ipa tó dára gan-an".

Lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ìdánwò ìwé kíkà kan wà fún àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní EGRA, wọ́n ti lò ó ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Apá kan nínú rẹ̀ nìyí. Kọ ìtàn kékeré kan tí kò ju ọgọ́ta ọ̀rọ̀ lọ, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rọrùn. Mú ọmọ kan lọ sábẹ́ igi, kó jókòó tì ẹ́, má ṣe bí ìnspẹ́kítọ̀. Jẹ́ kó kà á sókè fún ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe ń kà á, máa fa ìlà sí ọ̀rọ̀ tó bá ṣì kà nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Tí ìṣẹ́jú bá pé, dá a dúró, ka iye ọ̀rọ̀ tó kà dáadáa. Lẹ́yìn náà, bi í ní ìbéèrè márùn-ún lórí ìtàn náà. Ibi ìbéèrè yìí ni àṣírí máa ń tú sí: wàá rí ọmọ tó ka Gẹ̀ẹ́sì já geere bí oníròyìn rédíò, tí kò sì mọ̀ bóyá ajá ló kú nínú ìtàn náà tàbí ewúrẹ́. Ṣe ti Yorùbá, ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, fún ọmọ kan náà. Ti Yorùbá, rí i pé àmì ohùn pé sórí rẹ̀, kí o má fi ọmọ sínú òkùnkùn.

Tí sùpáfáísọ̀ bá ta kú, ṣe ìwé ìbéèrè rẹ̀, kí o fi èyí kún un.

BàbáAyọ̀_ÒkèFìà

Prof, ìbéèrè kan péré, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Kí ló dé tí ọmọ ò lè kúkú kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀? Ọmọ Òyìnbó ń ṣe é.

Olùkọ́ni_Yunifásítì

Ọmọ Òyìnbó gan-an ò rí i ṣe bọ̀rọ̀. Ní 2003, Philip Seymour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n fi àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà ní èdè 13 ní Yúróòpù wéra. Ní òpin ọdún kìíní, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ń ka ju 90 lọ nínú 100 ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀. Ti Finland kà tó 98. Àwọn ọmọ Scotland tó ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí wọ́n mu mọ́ ọmú, nǹkan bí 34 ni wọ́n kà. Ọpọlọ wọn kò burú. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni kì í dúró sójú kan: ohùn tó ní níbí kọ́ ló ní lọ́hùn-ún.

Àkọtọ́ Yorùbá sún mọ́ ti Finland ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọmọ tó bá ti mọ lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀, ó lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Tó bá ti mọ̀ pé lẹ́tà ń sọ̀rọ̀, ìmọ̀ yẹn kì í ṣòfò tó bá dé Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì náà dáadáa, lójoojúmọ́. Bàbá Ayọ̀, lórí ìyẹn, èmi àti ẹ̀yin ò jà.

ÀńtíNọ́sìrì

Àti àwa olùkọ́ ńkọ́? Kí ẹnì kan sọ òótọ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n ní ká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni láti àárọ̀ dalẹ́, Gẹ̀ẹ́sì yẹn ò yọ̀ lẹ́nu tiwa náà. A máa ń kọ́ gbólóhùn mẹ́fà sórí, òun la máa ń lò láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá: sit down, keep quiet, open your book. Ọmọ tó gbọ́ ìyẹn fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì wo ló gbọ́?

Ọ̀gáFẹ̀yìntì

@ÀńtíNọ́sìrì ẹ ṣeun. Ohun tí wọn kì í sọ ní sẹ́mínà nìyẹn.

TíṣàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo ṣe ohun tí Prof sọ fún Ọmọ_TP. Mo máa ń mú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà ìsinmi, mo fi fóònù mi ṣọ́ ìṣẹ́jú. Mo ti rò pé wọ́n máa ka Yorùbá dáadáa, kí Gẹ̀ẹ́sì le fún wọn, kí n lè rí ẹ̀rí gbé tọ ọ̀gá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ju ìdajì wọn lọ ni kò lè ka ìkankan nínú méjèèjì. Wọ́n ń wo àwòrán, wọ́n sì ń fi sọ ìtàn tiwọn. Ọmọ tó pariwo "mẹ́rin-mẹ́rin" yẹn, ó di ìwé mú ní ìdorí kodò, n kò mọ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í "kà". UNICEF máa ń sọ ọ́ pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kékeré. Mo ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò, n kò mọ̀ pé kíláàsì mi ni wọ́n ń bá wí.

Mo kó gbogbo ẹ̀dà tí mo fi bírò sàmì sí lọ bá ọ̀gá. N kò dárúkọ Fáfúnwá, n kò dárúkọ mínísítà. Mo kàn tẹ́ ìwé sórí tábìlì wọn. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Àwọn ti Pírámárì 5 ńkọ́?" Mo ní n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n dé bẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní: "Tí ìnspẹ́kítọ̀ bá wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni kí n gbọ́ lẹ́nu yín. Tó bá ti lọ, ẹ ṣe ohun tí wọ́n á fi mọ̀wé kà." Wọ́n sì fún mi ní ìdajì wákàtí láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, láti fi kọ́ wọn ní lẹ́tà àti ìwé kíkà, Yorùbá ní ọjọ́ kan, Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kejì.

Wàhálà tó kù ni ìwé. Mo ti kọ ìtàn kéékèèké díẹ̀ fúnra mi, ti ewúrẹ́ tó wọ ọjà, ti ọmọ tó sọ bàtà rẹ̀ nù lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, irú ìyẹn. Bọ́ọ̀dù ni mò ń kọ wọ́n sí. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn kì í rí i.

ÌyáÌbejì_ÒtàẸ̀fun

Ti bàtà yẹn, ṣé wọ́n padà rí i? 😂

Ọmọ_TP

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè lo àwọn ìtàn yẹn lÓkè-Baálẹ̀? Màá kọ orúkọ yín sínú project. Sùpáfáísọ̀ ní kí n mú ìwé ìbéèrè náà wá o, ṣùgbọ́n ó ní èyí náà lè wọlé sí Orí Kẹta.

TíṣàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ lò ó, ẹ má kọ orúkọ mi.

BàbáAyọ̀_ÒkèFìà

Tíṣà, mo ní ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù mi lÓkè-Fìà. Ẹ tẹ̀ wọ́n ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sọ iye ẹ̀dà tó máa tó kíláàsì yín. Pépà nìkan ni ẹ máa rà. Ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o, mi ò ní tẹ Yorùbá nìkan.

TíṣàÌsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ó wà níbẹ̀, sà. Yorùbá wà níwájú, Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn. Ẹ̀dà 62 ló máa tó wa.